Ọmọ Ọlọ́mọ Lábẹ́ Òrùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí ìyá ìjọ kan láti ẹ̀ka Kánò bá àwọn ará sọ ní Àpéjọ Gbogbogbòò)

Àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú ìjọ. Iṣẹ́ náà ni ti ìyá tí ó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú nínú ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òbí bá lọ sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́. Èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún kẹtàlélógún nìyí tí mo ti ń ṣe é, nínú yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ní Sabon Gari ní ìlú Kánò.

Àwọn baba wa sọ pé ojú mẹ́rin ni ó ń bí ọmọ, ṣùgbọ́n igba ojú ni ó ń wò ó. Ní ìlú tiwa, igba ojú náà kò ṣòro láti rí. Ìyá àgbà ń bẹ ní iwájú ilé, ìyàwó ilé ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ tí ó bá sì rá kọjá ẹnu ọ̀nà yóò bá ẹni tí yóò gbé e padà pàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti kọjá odò Ọya, tí a wà ní Kánò tàbí ní Jos, tàbí tí a ré ààlà lọ sí Accra àti Abidjan, ìyá àgbà kò sí ní itòsí mọ́. Ìyá ìkókó sì ní láti padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ kí oúnjẹ lè wà nínú ilé. Ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀? Arábìnrin rẹ̀ nínú ìjọ ni. A máa ń pe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé tiwa rí, àfi pé ilé ẹlòmíràn ni ó ń sinmi. Tiwa kì í sinmi rárá.

Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ní ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo bu kẹrosíìnì sínú ìgò omi kan, mo sì gbé e sí ìdí sítóòfù. Ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ rí i, ó rò pé omi ni, ó sì gbé e mu. Nígbà tí mo gbọ́ tí ó ń wúkọ́, mo sáré mú ìgò epo pupa kí n dà á sí i lẹ́nu, nítorí pé ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe nìyẹn. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Tífì tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó kígbe láti òkè ògiri pé, “Màmá, ẹ má fi epo sí i lẹ́nu! Ẹ má jẹ́ kí ó bì!” Ó wọlé, ó bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì ti ta sí kúrò lára ọmọ náà, a sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ojú ọ̀nà ni ó ti ṣàlàyé fún mi pé bí ọmọ bá bi kẹrosíìnì padà, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ sì ni ikú rẹ̀ wà.

Ọmọ náà lo òru méjì ní ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì dá a sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó le jùlọ fún mi. Nígbà tí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí mo ń retí ìyá ọmọ, ọkàn mi ń sọ fún mi pé, “Sọ pé ọmọ náà ni ó lọ gbé e níbi tí o tọ́jú rẹ̀ sí.” Ta ni ìbá mọ̀? Nígbà tí ó dé, mo kúnlẹ̀ fún un, ẹni tí mo tó bí lọ́mọ, mo ní, “Ọmọ mi, èmi ni mo gbé kẹrosíìnì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó.” Ó sunkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, àní nínú ilé ìsìn pàápàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ rẹ̀ padà wá. Ó ní, “Ìyá mi, ẹni tí ó sọ ohun tí ó lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ fún mi, kò ní fi òmíràn pamọ́ fún mi.” Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni owó tí a fi ń ṣe òwò yìí. Nítorí náà, mo fẹ́ la ohun díẹ̀ yé ara wa.

Èkínní ni ilé. Ní òwúrọ̀, kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sì rá yí yàrá ká, kí ojú yín lè rí ohun tí ojú ọmọ yóò rí. Kẹrosíìnì, òògùn, àti sódà tí a fi ń se ọṣẹ kò gbọdọ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ ọmọ tó, a kò sì gbọdọ̀ rọ wọ́n sínú ìgò omi tàbí ti ọtí dídùn láéláé. Garawa omi pàápàá lè pa ọmọ; ẹ máa dé e, kí ẹ sì ti ìdérí kànga. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń ti ara wọn jáde kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun. Ní ti ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi í lélẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ sùn, lórí ibùsùn tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí, kí àwọ̀n ẹ̀fọn sì bò ó.

Èkejì ni iye ọmọ. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí iná bá ṣẹ́ nínú ilé yìí nísinsìnyí, ọmọ mélòó ni mo lè gbé jáde? Iye tí ẹ bá dáhùn ni kí ẹ gbà. Ojú owó a máa tàn wá láti fi ọ̀kan lé e, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí a fi lé e yìí ni kì í jẹ́ kí a rí èyí tí ó rá lọ sí ìdí iná.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ. Ọmú nìkan ni oúnjẹ ọmọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Kò nílò omi, kò sì nílò àgbo. Ìyá tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ lè fún ọmú rẹ̀ sínú ife mímọ́ tí ó ní ìdérí. Bí yàrá bá tutù díẹ̀, omi ọmú yìí lè wà fún wákàtí 4. Ṣùgbọ́n ooru wa ní Kánò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin kì í ṣe eré. Inú kúlà tí ó ní yìnyín ni kí ẹ gbé e sí. Ife ni kí ẹ fi fún ọmọ, nítorí ife rọrùn láti fọ̀ ju ìgò oníke lọ. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà odindi. Bí nǹkan bá há ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lọ́fun, tí kò lè ké, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí apá yín kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàrin èjìká ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ láti wá ohun tí ẹ kò rí.

Ẹ̀kẹrin ni àìsàn. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pè ní ORS. Bí kò bá sí, ẹ fi ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tí ó tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, sínú omi mímọ́ lítà 1. Kí ọmọ má ṣe dẹ́kun ọmú, kí òbí rẹ̀ sì béèrè oògùn síǹkì ní ibùdó ìlera. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ibùdó ìlera ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Bí gìrì bá mú un, ẹ dákun, ẹ má ṣe fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sí i lẹ́nu, oró ni. Ẹ má sì fún ọmọ ọlọ́mọ ní òògùn tí òbí rẹ̀ kò mọ̀ sí. Ẹ rántí pé láàrin ọdún 2008 sí 2009, òògùn eyín kan tí oró wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àwọn ìyá tí ó fún wọn lóògùn náà kò ní ète búburú. Fún àwa tí a wà ní Àríwá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírùnyírùn máa ń jà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má kó àwọn ọmọ jọ pọ̀ sùn sí yàrá há-há-há. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ sì le, kò gbọdọ̀ sun ilé mọ́jú. Kí ẹ tó gba ọmọ, ẹ ní kí ìyá rẹ̀ fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára hàn yín.

Ẹ̀karùn-ún ni àdéhùn. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ àkókò tí ọmọ yóò dé àti èyí tí yóò lọ, iye owó àti ọjọ́ tí a ó san án, ohun tí ọmọ kì í jẹ, àti orúkọ ẹni tí ó lè wá gbà á. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ bá dé, ìbáà ṣe àbúrò bàbá rẹ̀, ọmọ kò ní tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú àlejò, ẹ má sì gbé pàṣán sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí. Àwọn kan nínú yín ń sọ pé, “Ṣé arábìnrin wa nínú Olúwa ni yóò gba owó lọ́wọ́ wa?” Ẹ padà lọ ka ìtàn Mósè nínú ìwé Ẹ́kísódù. Nígbà tí ọmọbìnrin Fáráò rí ìkókó nínú apẹ̀rẹ̀ létí odò, ìyá tí ó bí i gan-an ni wọ́n pè láti wá tọ́ ọ, ọmọ ọba náà sì ṣèlérí owó ọ̀yà fún un. Bí aláìmọ Ọlọ́run bá mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìtọ́jú ọmọ, kí ni kí àwa sọ? Ẹ san owó náà ní ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹ má sì pẹ́ dé. Alẹ́ tí ẹ kò tètè dé ni ọkọ àti ọmọ tirẹ̀ kò fi tètè rí oúnjẹ jẹ.

Ní ìkẹyìn, mo bẹ ẹ̀ka gbogbo. Iṣẹ́ yìí ń dá ìyá ní ẹ̀yìn, ó sì ń mú kí ó dá nìkan wà, nítorí láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kò rí àgbàlagbà bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó àwọn ìyá alágbàtọ́ rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera wá bá wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n dá èsúsú, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lè rí owó fi sinmi. Kí wọ́n sì yan ìyá tí yóò dúró fún ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìjọ Ọlọ́run ni àgbà tí ó wà ní ọjà yìí.

Ọmọ tí ó mu kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi nígbà náà ti di ọmọ ogún ọdún. Nígbàkúùgbà tí ó bá wọlé wá kí mi, ó ń pè mí ní Ìyá, ojú mi a sì máa wo ìdí sítóòfù. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa pa ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́. Kí ó fi ìṣọ́ rẹ̀ kún ìṣọ́ wa, kí ó sì kó gbogbo ọmọ wa délé ní àlàáfíà. Àmín.