Kí Iná Tó Dé

Ọ̀rọ̀ wa ní Ìlogbò-Èkìtì lónìí kan àwa tí a ní ẹ̀rọ lathe kékeré nínú ilé, tí a fi ń gbẹ́ irin lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù.

Àlòkù ni púpọ̀ nínú wọn, a sì ní láti tún wọn ṣe. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ní 1980, Yunifásítì Kumasi ní ilẹ̀ Gánà ṣí ibùdó kan ní Suame, wọ́n sì ń kó irú àlòkù bẹ́ẹ̀ wá láti Ìlú Ọba fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ wo eré rẹ̀. Bí mọ́tò iná bá ń yí ní ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50, tí a so ó mọ́ púlì mìlímítà 200, orí ẹ̀rọ yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 360. Ìyẹn tó fún irin rírọ̀ tí ó nípọn tó mìlímítà 25. Bí irin bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín eré kù.

Ṣùgbọ́n súwíìṣì ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Bí iná bá lọ, tí a gbàgbé láti pa ẹ̀rọ, tí a wá ń tú irin lórí rẹ̀, iná lè dé lójijì, kí ẹ̀rọ gbéra mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti ká wa mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọlọ́run ló yọ wá. Súwíìṣì kan wà tí í já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ kò ní gbéra mọ́ àfi bí a bá tún un tẹ̀. Ẹ fi í sí i. Ẹ fi páànù bo bẹ́lìtì pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìka.