Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Òfin Rán Obìnrin Tí Ó Ṣẹ́ Oyún Lọ sí Ẹ̀wọ̀n?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń gbé ìlú Ọ̀yọ́)

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí n sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ọmọ ẹni ní kọ̀rọ̀, àfi kí a gbé e jáde sí ojú ọjọ́.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ní 1916 ni ìpìlẹ̀ èyí tí a ń lò ní ìpínlẹ̀ wa. Abala 228 sọ pé ẹni tí ó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229 sọ pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ààyè tí òfin fi sílẹ̀, ní Abala 297, ni ti iṣẹ́ abẹ tí a ṣe láti gba ẹ̀mí ìyá là.

Ẹ wo Abala 229 dáadáa. Bí obìnrin bá lo oògùn láti ṣẹ́ oyún, ìbáà jẹ́ pé kò tilẹ̀ lóyún rárá, ó ti rú òfin. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó fún un lóyún tí ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, òfin kò dárúkọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní òfin náà ń dẹ́rù bani, ó sì ń dáàbò bo ọmọ inú. Èmi náà gbà pé oyún kì í ṣe ohun ìṣeré, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn àlùfáà àti àwọn ààfáà wa ń wàásù. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ̀rù náà ṣiṣẹ́ bí? Àwọn olùwádìí ṣírò pé oyún tí a ṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2012 nìkan tó 1,250,000, bẹ́ẹ̀ ni òfin wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe àpẹẹrẹ. Ó lóyún, ó bẹ̀rù bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ ayédèrú dókítà lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dá mọ́, ilé ìwòsàn kò jìnnà. Ti ìjọba wà ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín. Ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá àti ti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ ń rò ó pé bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ni yóò tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó sílé títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 tí wọ́n ń sá fún ti di ikú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Gbòǹgbò òfin yìí wà nínú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1861. Ní oṣù June 2025, àwọn aṣòfin ní London dìbò, 379 sí 137, pé kí a má ṣe ka obìnrin sí ọ̀daràn mọ́ nítorí oyún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tú òfin tí ó de àwọn dókítà àti ẹlòmíràn. Orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa, tilẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ ní 2021 fún oyún tí kò ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. N kò ní kí a tẹ̀lé ẹnikẹ́ni ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rán ẹ̀wù fún wa ti ń bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa ní Ìbàdàn pé kí wọ́n mú ìyà kúrò lórí obìnrin, kí wọ́n sì fi Abala 228 sílẹ̀ fún àwọn ayédèrú dókítà. Èkejì, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ná. Ìbéèrè lè dúró. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a kọ́ tọkùnrin tobìnrin nínú àwọn ọmọ wa bí ara ti ń ṣiṣẹ́, kí a má sì lé ọmọ tí ó lóyún kúrò nílé tàbí nílé ẹ̀kọ́.

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ wí. Ẹni tí ó bá kú kò lè gbọ́ ìbáwí mọ́. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí.