Lẹ́tà Pàǹtí àti Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

Ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá bẹ̀.

Lẹ́tà pàǹtí tí wọ́n ń pè ní spam ń ya wọ inú ímeèlì ẹ̀ka wa bí omi òjò. Ọ̀kan á ní a jẹ owó tẹ́tẹ́, òmíràn á ní òun fẹ́ yá wa lówó. Mo wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa wo orúkọ ẹni tó kọ̀wé. Èyíkéyìí tí "win" bá wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ńlá ni o, kékeré ni o, kó gbé e sọ sí àpò pàǹtí. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀rọ gé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan níka. Lọ́jọ́ kejì ó kọ̀wé sí wa pé kí a ran òun lọ́wọ́ lórí owó gbà-má-bínú. Òfin ọdún 2010 fún un ní ọjọ́ 14 láti fi ìjàǹbá náà tó agbanisíṣẹ́ létí. Ọjọ́ 11 ni lẹ́tà rẹ̀ fi wà nínú pàǹtí! Kí ló dé? Godwin ni orúkọ rẹ̀. Bí Edwin tàbí Winifred ló kọ̀wé, bákan náà ni ì bá rí. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.

Àtúnṣe wà. Àwòṣe lẹ́tà kan wà tí wọ́n ń pè ní regular expression. Láti 1968 ni Ken Thompson ará Amẹ́ríkà ti fi han ayé bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi wá ọ̀rọ̀. Dípò win lásán, a ó kọ \bwin\b. Àmì \b ni ààlà: kí win dá dúró, kí lẹ́tà kankan má lẹ̀ mọ́ ọn níwájú tàbí lẹ́yìn. Godwin á kọjá, "Win Cash" kò ní kọjá. Bí oníjìbìtì bá sì fi òdo rọ́pò o nínú loan, l[o0]an á mú méjèèjì.

Síbẹ̀, orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀yin onímọ́tò mọ̀ pé ohun tó wu oníkálukú ló ń kọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Òfin ìfiránṣẹ́ ímeèlì tí Jon Postel kọ ní 1982 kò pa á láṣẹ pé kí a wádìí ẹni tó kọ̀wé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àmì @. Àdírẹ́sì pàápàá ṣeé yí. Lẹ́tà tó bá béèrè nọ́ńbà àṣírí báńkì yín, ẹ má dáhùn, orúkọ yòówù kó wà lórí rẹ̀.

Láti òní lọ, kọ̀ǹpútà kò ní pa lẹ́tà kankan rẹ́ fúnra rẹ̀. Yóò yà á sọ́tọ̀, olóyè méjì yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé tí kò rí èsì láàárín ọjọ́ 2, kó wá kàn sí wa ní ọ́fíìsì. Ẹgbẹ́ tí kò bá gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.