Ẹ Bi Wọ́n Pé, Ìwé Omi Dà?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa

Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró, oòrùn ti ń mú.

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá ẹni tó ń mu ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí sọ̀bìà, bó ṣe ń dá àgbẹ̀ jókòó sílé nígbà ìkórè. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ la fi ń sẹ́ omi. Ẹni tí sọ̀bìà ń yọ lára rẹ̀, a ò jẹ́ kó wọ omi tí à ń mu. Báyìí la ṣe ṣẹ́gun. Ní 2009, O.M.S., àjọ ìlera gbogbo àgbáyé, jẹ́rìí pé ó ti tán ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 2011, ó kan Tógò.

Sọ̀bìà, ojú ń rí i nígbà tó bá yọ. Ohun tó wà nínú omi òde òní, ojú kì í rí i. Omi kànga ẹ̀rọ lè tutù, kó mọ́ gaara, kó má sì dáa. Bí ṣáláńgá bá wà lókè kànga, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á máa rọra rìn lábẹ́ ilẹ̀ títí á fi dé inú omi. Ó ń kó kòkòrò ìgbẹ́ wá, ó sì ń kó ohun tí àwọn Faransé ń pè ní nitrate wá. Bí a bá se omi, kòkòrò á kú. Nitrate ò ní lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ló ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. O.M.S. ní kò gbọdọ̀ ju miligráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má gbé atẹ́gùn kiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Lágbègbè àwọn ará wa ní Ìdáàṣà, fluor inú àpáta ni ti wọn; eyín ọmọdé ló ń bà jẹ́.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi ṣe décret 2001-094, ní 20 oṣù kejì 2001, tó sọ ìwọ̀n tí omi mímu kò gbọdọ̀ kọjá. Òfin 2010-44, ti 24 oṣù kọkànlá 2010, ní kí á pa ààlà ààbò yí orísun omi mímu ká.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n gbé ìwé pọ́ǹpù tuntun kan wá kí n buwọ́ lù ú. Èsì àyẹ̀wò kò tíì dé. Àwọn obìnrin ti to garawa kalẹ̀, baálẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo buwọ́ lù ú. Òjò rọ̀, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ. Nígbà tí èsì dé, kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú omi náà. Bí ẹnì kan bá ti bi mí lọ́jọ́ yẹn pé, «Ọ̀gá, ìwé omi dà?», mi ò bá má buwọ́ lù ú. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Lónìí, ẹni tó bá lówó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó ń ta omi. A ò bínú sí i, ó ràn wá lọ́wọ́. Àmọ́ ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkíní, Kábíyèsí, ẹ má ṣe bá wọn ṣí kànga kankan tí wọn ò bá ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sétí ìlú, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n.

Èkejì, kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan wo àyíká kànga àdúgbò rẹ̀: ṣáláńgá, ààtàn, agbo ẹran, kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á máa yọ díẹ̀ nínú owó garawa sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Wọ́n á ní àyẹ̀wò wọ́n. Owó oògùn ńkọ́?

Ẹnì kan á ní, ṣé kí àwọn ìyá wa padà sódò ni? Rárá o. Kànga tí kò níwèé, ẹ má tì í. Ẹ kọ ọ́ sí i lára pé ti ìfọṣọ ni, títí ìwé á fi dé.

Kí Olódùmarè bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.