Ọ̀yọ́ Ilé: Ibi tí Eré Parí Sí, tí Orò Bẹ̀rẹ̀

   

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Sealed Knot. Láti ọdún 1968 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti ń pàdé ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń fi eré ṣàfihàn ogun abẹ́lé tó jà ní ilẹ̀ wọn láàárín ọdún 1642 sí 1651. Wọn kì í gba owó iṣẹ́. Wọ́n á wọ aṣọ ayé ìgbà náà, wọ́n á sì máa dá àlejò lóhùn ìbéèrè. Ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn tó bá rí wọn lórí fóònù lè rò pé àṣà òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé ti mọ eré kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, ròyìn pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó àfin kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, ọ̀nà náà kò wu àwọn ìjòyè. Wọ́n rán abuké, àfín, aràrá, arọ àti àwọn mìíràn lọ sí Òkè Àjàká, kí wọ́n ṣe bí iwin, kí wọ́n máa ké pé kò sí àyè. Ọba rán ọdẹ, ọdẹ sì mú wọn. Bí Abípa ṣe di Ọba Mọ́rọ̀ nìyẹn, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì so ìtàn yìí pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eré alárìnjó. (Ẹni òrìṣà ni wọ́n fi dẹ́rù bani níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn náà ṣeré lónìí, kó rò ó dáadáa.)

Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún àlejò. Àwọn òṣèré kọ́kọ́ jó nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni erè ńlá kan jáde, tó ń la ẹnu, tó ń lọ́ra káàkiri. Apá kẹta ló panilẹ́rìn-ín jù: òyìnbó kan yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò, ó funfun, ó tínrín, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ojú Clapperton. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni ìlú ńlá yẹn tú. Lónìí ó wà nínú Old Oyo National Park tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó ti bo odi, àpáàdì sì wà káàkiri. Johnson ka Sàbìgànná mọ́ àwọn ọba Ẹkùn Ọ̀tún tó ń sin Aláàfin. Nítorí náà, ọmọ Ìgànná tó bá dé ibẹ̀ kì í ṣe àlejò lásán.

Bí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn bá fi ọ̀wẹ̀ ṣe é, bí àwọn baba ti ń fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé fún àna, ọjọ́ méjì tó láti jí ìlú náà. Kí ahunṣọ Ìséyìn gbé òfì rẹ̀ wá, kí alágbẹ̀dẹ fín ewìrì. Kí iṣu àti ọkà bàbà wà nínú ìkòkò; gàrí kò sí nínú oúnjẹ àfin Abípa. Kí wọ́n má sì fi ẹrú pamọ́. Ọ̀yọ́ kó ènìyàn, ó sì tà wọ́n gba Àjàṣẹ́ lọ sí òkun. Ẹrú ló gbé Ifá dé Kúbà, ọmọ ọmọ wọn sì ń wá síbi ọdún Ifá lónìí. Eré tó bá fi adé àti ẹṣin nìkan hàn wọ́n, irọ́ ló pa fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tó nira jù ni ti Ifá. Àlejò yóò fẹ́ rí babaláwo lẹ́nu iṣẹ́. A lè fi ọpọ́n hàn án, a lè sọ orúkọ ìrọ́kẹ́ àti ìṣẹ̀ǹṣe ìyẹ̀rosùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a bá sọ sílẹ̀, odù ló ń yọ, kì í ṣe àwòrán odù. Ẹni tí kò béèrè nǹkan kan, kí ni a fẹ́ sọ fún un? Ohun kan náà ni ti eégún tó ní ìgbàlẹ̀. Eré alárìnjó ni kó jáde, kí eégún ilé dúró dé ọjọ́ rẹ̀.

Oseijeman Adefunmi mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní ọdún 1970 ni ó dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àlejò ti ń wọlé wá wòran. Síbẹ̀, kò fi Ifá ṣe aṣọ eré: ní ọdún 1972 ó wá sí Abẹ́òkúta, ó tẹfá.

Ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ọgbà náà ni ó kọ́kọ́ yẹ ní wíwá, àti ìyọ̀ǹda àwọn àgbà tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó dára jù, nígbà tí koríko bá ti jó, tí odi sì fara hàn: oṣù kìn-ín-ní, oṣù tí Clapperton wọ ìlú.