Turkana: Ibi Tí Atẹ́gùn Ti Ń Gbé Òjò Kọjá

Turkana là ń lọ lónìí, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Ní Lodwar, olú-ìlú rẹ̀, òjò ọdún kan gbáko kò ju nǹkan bíi 200 mìlímítà lọ. Ooru ọ̀sán ibẹ̀ kì í jìnnà sí 35 digírì, oṣù yòówù kó jẹ́.

Kí ló fà á tí òjò fi ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀? Àwọn òkè Etiópíà wà ní àríwá, àwọn òkè Kẹ́ńyà wà ní gúúsù, àfonífojì gbọọrọ sì wà láàárín wọn. Atẹ́gùn tó ti Òkun Íńdíà wá á fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀, á wá yára sí i, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ṣe láàárín ilé méjì tó sún mọ́ra. Eré yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin ráyè gòkè di ìkùukùu. Ó kàn ń kọjá lórí àwọn ará Turkana ni! Atẹ́gùn yìí kan náà ló ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná 365 ní Marsabit, lódìkejì adágún Turkana.

Oṣù Kẹta sí Karùn-ún ni wọ́n máa ń retí òjò jù. Díẹ̀ tún lè rọ̀ ní Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ìrètí ni o. Láti ìparí 2020 dé ìparí 2022, ìgbà òjò márùn-ún ló já wọn kulẹ̀ léraléra, ẹran ọ̀sìn sì kú lọ bẹẹrẹ.

Bí òjò bá sì dé, ó máa ń rọ̀ gan-an láàárín àkókò díẹ̀. Odò gbígbẹ lè kún láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó má ṣe pàgọ́ sójú odò gbígbẹ o.