Ọ̀SẸ̀ KAN FÚN ÌWÉ KÍKÀ: LÁTI ỌJỌ́ AJÉ DÉ ỌJỌ́ ẸTÌ

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe lè lo ọ̀sẹ̀ kan láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà àti àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè yòókù. Múṣín, Súrùlérè àti Yábàá ni n ó ti mú àpẹẹrẹ mi, níbi tí ọmọ pọ̀, tí èdè pọ̀, tí àyè kò sì gbòòrò.

Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ óò gbọ́ ohùn ọmọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń kàwé pọ̀ bí ẹni ń kọrin. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ̀kan nínú wọn síta, kí ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán inú ìwé náà, kí ẹ sì ní kí ó ka ìlà kẹta. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti í bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti há ojú ìwé náà sórí láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn kò lè pè é. Òótọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ojú ẹni ni a fi ń kàwé. Ọmọ tí ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ní kíláàsì kejì lè dé kíláàsì kẹfà láì mọ ìwé í kà, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: kí iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ rọ̀ mọ́ ìtàn kan ṣoṣo, kí olùkọ́ sì ti gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Kí n tó ṣe àlàyé, ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé òpin kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì sọnù lọ́wọ́ wọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé kì í ṣe èdè nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà: a kọ ìwé fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, a sì kọ́ àwọn olùkọ́ wọn ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà lò ó.

Láti ìgbà náà ni ìlànà ìjọba ti ń yí síwá yí sẹ́yìn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fi ọwọ́ sí èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ní tiwa ní Èkó, òfin ọdún 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Ohun tí èyí já sí fún olùkọ́ ni pé àkókò Yorùbá lórí tábìlì iṣẹ́ lè jẹ́ ààyè kan ṣoṣo tí ọmọ ní láti ka èdè tí etí rẹ̀ ti gbọ́ rí. A kò gbọdọ̀ fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìtàn kékeré yìí fún ọ̀sẹ̀ wa: Bísí àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ojúwòyè. Ìyá ra igbá kan. Ó ra ìgbá sínú igbá náà. Òjò dé. Wọ́n sáré. Igbá bọ́, ìgbá sì fọ́n ká.

Ní ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ìwé. Kí olùkọ́ gbé igbá àti ìgbá wá sí kíláàsì, kí ó fi ẹnu sọ ìtàn náà, kí àwọn ọmọ sì tún un sọ. Kí ó bi wọ́n pé: kí ni Bísí yóò ṣe báyìí? Ta ni yóò bá wọn ṣà á? Ọmọ tí kò bá lè sọ ìtàn kò ní í gbádùn kíkà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìtàn náà wà lára pátákó, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí olùkọ́ máa kà á, kí ọ̀pá rẹ̀ sì máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èdè Yorùbá ṣe olùkọ́ lóore níbí. Lẹ́tà 25 péré ni ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ju mẹ́ta lọ. A lè gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, kí ọmọ sì pàtẹ́wọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: i-gbá, re mí, ì-gbá, dò mí. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọjà Bísí dàrú, nítorí a kò mọ èyí tí a rà nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí a wọ̀ àti ọkọ́ tí a fi ń roko. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ń kọ́ ọmọ láti máa méfò ni, kì í ṣe láti kàwé.

Láti ọjọ́rú ni kíkà ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ 40, tí olùkọ́ sì gbọ́ 14 lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 28 ni èyí. Ní ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wọn ti kà. Bí wọ́n bá jẹ́ 80, a ó lo ìtàn kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni àwọn yòókù yóò máa ṣe? Páálí bísíkíìtì kò wọ́n ní Múṣín. Kí olùkọ́ gé e, kí ó kọ gbólóhùn ìtàn náà sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa tò ó ní ẹgbẹ́ márùn-ún-márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀ ni ti ìkọ̀wé. Lẹ́yìn àpèkọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, kí àwọn ọmọ kọ orúkọ àdúgbò wọn. Ìwé kíkà tí ó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa ni èyí. Ọmọ tí ó bá lè ka ìdí àti àràbà yóò rí i pé igi ni ó sọ Ìdí-Àràbà lórúkọ. Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ lè tú Súrùlérè palẹ̀: sùúrù ní èrè, kí wọ́n sì rí bí ní ṣe di l nígbà tí ó pàdé èrè.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ọjà tí òun náà mọ̀, kí ó sì kà á fún ẹnì kejì rẹ̀. Kí a fi àlọ́ pa iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ta ni ó kà, ta ni ó ṣì ń méfò. Orúkọ àwọn tí ó ń méfò ni yóò kọ́kọ́ pè ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwọn ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni ní Yábàá àti Súrùlérè. Nítorí wọn gan-an ni ọjọ́ Ajé ṣe jẹ́ ti ojú àti etí. Èdè Íbò àti èdè Ègùn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn náà ní gb. Ohùn tí àwa ń kọ ní p, kp ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọlé ní ọwọ́ òfo. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá sọ̀rọ̀ nílé ni ó máa ń ka p wa bí ti Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì nílò ìrànlọ́wọ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè fi ọjà àti òjò ìtàn yìí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ọmọ má baà máa gbé ẹrù méjì.

Ẹ̀yin olùkọ́, a kò ní àṣẹ lórí ìlànà tí wọn yóò gbé jáde ní Àbújá lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹ jẹ́ kí a pa ariwo náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí a gbọ́ bí ọmọ kan ṣe ń kà.